Ogún Òkò

Wọ́n ti mú iná lọ láti aago méje.
Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń ka ìwé.
Ẹgbẹ̀ta ènìyàn ó lé méjìlá,
gbogbo wọn ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru,
ọdún méjì gbáko la fi tọpa wọn
láti Tákìé dé Arówómọlé,
à ń di rọ́bà mọ́ wọn lápá.
Ìdajì lo oògùn tuntun, ìdajì lo ti tẹ́lẹ̀.
Ìṣirò parí:
tuntun ò ju ti tẹ́lẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ ò ju tuntun,
ẹ̀kọ tútù tí kò ní mọ́ín-mọ́ín.

Dókítà Oyèláràn káwọ́ lérí.
"Má tíì pa ìwé dé, Morádéyọ̀.
Tú wọn ká. Pín wọn wẹ́wẹ́.
Kò lè ṣe kó má rí ẹni tó ṣe láǹfààní."

Mo bá pín wọn.
Ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀: kò sí nǹkan.
Àgbà, ọ̀dọ́. Kò sí nǹkan.
Ẹni tó sanra, ẹni tó rù,
ẹni tó ń ta kajú lẹ́bàá ọ̀nà Ìlọrin,
ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ẹni tó ń kírun
(ká má purọ́, mo dé orí ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́rú).
Ìgbà tó di ìpín ogún,
nǹkan tàn yòò:
obìnrin Òkè-Ẹlẹ́rìn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún!
Ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ bí òjò tó dá lórí páànù.
Dókítà dìde. Àga ṣubú.

Èmi ò lè dìde.
Nígbà tí a wà lọ́mọdé, nídìí máńgòrò Baba Adéníjì,
Ìṣọ̀lá ẹ̀gbọ́n mi a máa dijú sọ òkò.
Ogún òkò. Mọ́kàndínlógún á gba inú ewé kọjá,
ọ̀kan á bá èso.
Á wá lajú, á ní, "Òun gan-an ni mo fojú sùn!"
A sì ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọdé ni wá.

Èèṣì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.
Ẹni tó rí èèṣì tó wọ̀ ọ́ lẹ́wù òótọ́,
òun ló dẹ́ṣẹ̀.

Mo ka àwọn obìnrin náà: mẹ́rìnlá péré.
Ẹni kẹsàn-án ni Ìyá Ọláwẹẹ́ré, àbúrò ìyá bàbá mi.
Mo yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì,
ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó jí ẹran jẹ:
"Oògùn yín korò, ọmọ mi. N ò gbé e mì rí."
Ó fa agolo Bọnfítà yọ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn,
ó mì í, ó dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀.
"Iyọ̀ ni mo dín kù. Ọkọ mi náà sì ti kú,
n ò rẹ́ni bá jà mọ́."

N ò sọ pé ká má pín rárá.
Àpapọ̀ náà mọ irọ́ pa.
Wọ́n ní odò kò ju orúnkún lọ;
ẹni tó bá kòtò pàdé kò padà wá jẹ́rìí.
Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sílẹ̀
kí ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé:
àwọn tí kíndìnrín wọn ń ṣàárẹ̀ ńkọ́?
Abẹ́ àpótí ni mo ti rí ìwé náà, eruku ti bò ó.
Ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́jọ ni wọ́n.
Oògùn tuntun mú kí ẹsẹ̀ wọn wú,
ọ̀pọ̀ wọn, kì í ṣe ẹyọ kan.
Èyí kò tàn yòò. Kò sí àga tó ṣubú nítorí rẹ̀.

Mo kọ ọ́ sókè ìwé.
Nísàlẹ̀ pátápátá mo kọ ti àwọn ìyá Òkè-Ẹlẹ́rìn:
"Ogún òkò la sọ. Ẹ tún un sọ,
kẹ́ ẹ lajú, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dárúkọ èso."
Dókítà kà á. Kò fọwọ́ sí i, kò sì fà á ya.

Agolo náà wà lórí tábìlì mi.
Mo ṣí i,
mo ń ka hóró kọ̀ọ̀kan.