Ìyípo Tí Wọn Kì Í Pàtẹ́wọ́ Fún

Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò
ní yàrá ìsàlẹ̀ ọsibítù, ní Sunderland,
níbi tí fèrèsé kan ṣoṣo ti dojú kọ ibi ìgbọ́kọ̀sí,
tí atẹ́gùn òkun sì ń fi iyọ̀ kun gíláàsì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, wọ́n fi Keeley jẹ ọ̀gá.
Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ṣe ń di ìgò mú.
Mo kí i kú oríire, mo jẹ kéèkì,
mo lọ jókòó sídìí fíríìjì ńlá tó ń kùn bí oyin.
Wọ́n ní asárétete ní ń kọjá ilé,
arìngbẹ̀rẹ̀ ni yóò moyè jẹ.
Mo rìn gbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin àgbà.
Oyè dé, ó fò mí kọjá.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Gateshead,
ọdún 1993, òjò wẹliwẹli, òtútù tó ń jẹni létí,
ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá mítà,
ìyípo márùndínlọ́gbọ̀n lórí ilẹ̀ pupa.
Ní ìyípo kìíní, ariwo gba gbogbo pápá.
Ní ìkarùn-ún, wọ́n ṣì ń pè mí lórúkọ:
wọ́n gé Ìbídùnní kù, ó di Ibi.
Mo ní kò burú, ẹ ṣáà máa pè é.

Nígbà tó di ìkẹrìndínlógún,
kò sẹ́ni tó ń wo eré mọ́.
Wọ́n ń tú búrẹ́dì látinú bébà, wọ́n ń ṣí agbòjò.
Láti ìkẹrìndínlógún títí dé ogún,
ẹsẹ̀ ń bi ẹsẹ̀ léèrè: ta ló rán wa?

Èèyàn kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún;
bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e.
Èwo ni tèmi? Mo bojú wẹ̀yìn, n ò rí ejò.
Ẹni tí mo rò pé mo ń lé níwájú
ló ń bọ̀ lẹ́yìn mi,
tó fẹ́ fi odidi ìyípo kan jù mí lọ.

Agogo ìkẹyìn ró.
Mo rò pé tèmi ni. Mo gbọn gbogbo àpò ara mi dànù,
mo sá eré àsápajúdé, mo dé ìlà, mo nawọ́ sókè.
Ọkùnrin kan tó mú ìwé lọ́wọ́ ní,
“Ìyáàfin, ó ku ẹyọ kan.”

Ó ku ẹyọ kan.
Orúnkún ti di omi, itọ́ ti gbẹ.
Mo sá a. N ò mọ ohun tí mo fi sá a.

Ọ̀gbẹ́ni Ridley, tó fi ogún ọdún jó irin ọkọ̀ ojú omi pọ̀,
tó di kóòṣì wa nígbà tí wọ́n ti ibi iṣẹ́ náà pa,
kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó bu tíì látinú fíláàsì,
ó na aago ọwọ́ rẹ̀ sí mi:
ìṣẹ́jú kan àbọ̀.
“Bákan náà lo sá ìkẹtàdínlógún. Mu tíì rẹ.”
N ò lóye. Inú bí mi sí tíì náà pàápàá,
tó ti tutù, tó ń rùn bí ọ̀dà.

Agogo mẹ́ta òru, mọ́jú ọjọ́ Àìkú, fóònù dún.
Yàrá iṣẹ́ abẹ ni. Obìnrin kan bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ ò dá.
Keeley ọ̀gá wà nílé, ó ń sùn; ó yẹ kó sùn.
“Ìgbà wo lẹ máa mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?”
Mo ní ìṣẹ́jú mẹ́fà.
N ò wo aago. Ìyípo mẹ́rin ni ìṣẹ́jú mẹ́fà,
ara mi mọ̀ ọ́n bí ọwọ́ ṣe mọ ọ̀nà ẹnu.
Mo ka orúkọ ara ìgò, mo tún un kà.
Fíríìjì ń kùn.
Òjò ń rọ̀ sórí àwọn ọkọ̀ níta.
Lábẹ́ tábìlì, mo gbọ́ ẹsẹ̀ mi
tó ń lu ilẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́,
kò lé nǹkan, nǹkan kò lé e.

Ìyípo kẹta.
Ìkẹrin.
Mo gbé fóònù.