Káàdì Kọkànlá

Méjìdínlógún péré ni gbogbo wọn,
ẹyọ kan kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọdún méje.
Inú páálí tíì ni wọ́n ti ń jáde nígbà kan,
kí wọ́n tó máa rán tíì sínú àpò bí oǹdè.
Mista Pendle kó wọn sínú agolo bisikíìtì tó ti dípẹtà létí,
ó ní kí n fọ ọwọ́ kí n tó fara kàn wọ́n,
èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún un tán.
Mo fọ ọwọ́. Mo nù ún gbẹ.
Iṣẹ́ alẹ́ ni, ní Morecambe, òjò ń bá fèrèsé wíjọ́,
òkun ti fà sẹ́yìn, ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀
bí ẹni tó jẹun tán tí kò palẹ̀ mọ́.

Àwòrán etí òkun kan náà yìí ni.
Nínú ìkíní, ọkọ̀ ojú omi pupa kan fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.
Nínú ìkẹrin, ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn ń tú ẹrẹ̀ wò.
Nínú ìkẹjọ, ẹṣin ń wọ́ àwọ̀n edé, omi mù ún dé orúnkún.
Mo ka àwọ̀ eérú mẹ́sàn-án nínú ojú ọ̀run ẹyọ kan.
Ẹni tó yà á kò kọ orúkọ,
lẹ́tà méjì péré ní igun, bí ẹsẹ̀ èèrà.

"Wo obìnrin yẹn," ni Mista Pendle wí.
N kò rí obìnrin kankan.
Ó gbé awò tí í sọ kékeré di ńlá lé e lórí,
àfi ìborùn aláwọ̀ aró! Ó kọ ẹ̀yìn sí wa.
Nínú ìkẹta, kò ju hóró ìrẹsì lọ.
Nínú ìkẹfà, ó tó èékánná; àwa là ń sún mọ́ ọn.
Nínú ìkẹwàá, ó ti ń yí ọrùn,
ó ku díẹ̀ báyìí kí a rí ojú rẹ̀.
Ìkọkànlá kò sí.
Nínú ìkejìlá, ó ti kẹ̀yìn padà, ó ń bá etí omi lọ.

Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ló fi ń wá ojú yẹn.
Muriel ìyá rẹ̀ mu tíì tí òùngbẹ rẹ̀ kò gbẹ ẹ́,
páálí lórí páálí,
títí ilé-iṣẹ́ náà fi yí àwòrán padà sí ti ọkọ̀ òfuurufú.
Àwọn tó ń tà á ní àádọ́ta pẹ́ńsì ni ẹyọ,
ṣùgbọ́n ìkọkànlá, ọgọ́rin pọ́n-ùn,
bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣì mú,
bí gọ́ọ̀mù kò bá kàn án rí.

Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, àpò ṣòkòtò ló wà.
Mo ti yẹ gbogbo àpò ṣòkòtò Mista Pendle wò.
Èmi ni mò ń fọ̀ wọ́n.

Lancaster ni mo ti rí i, ní ṣọ́ọ̀bù ọrẹ-àánú,
lọ́jọ́ tí mo lọ wá bàtà òtútù fún Ìbíwùmí ọmọ mi:
inú àwo bọ́tìnnì, ogún pẹ́ńsì.
Àyà mi já. N kò dúró gba ṣéńjì.
Inú bọ́ọ̀sì ni mo tó wò ó dáadáa.
Obìnrin náà dojú kọ mí gbangba,
ọmọdé kan, ta ló mọ ìgbà wo,
ti fi yíǹkì ya jígí roboto méjì sí i lójú,
ó sì fún un ní irùngbọ̀n.

Kò tó kọ́bọ̀ mọ́ lójú oníṣòwò.
Mo rò ó bóyá kí n jù ú síta,
kí bàbá máa wá ojú tó mọ́ títí ọjọ́ á fi bò ó.
Mo fọ ọwọ́. Mo gbé e fún un.
Ó gbé awò lé e. Ó pẹ́.
Nígbà tí ohùn máa jáde, ẹ̀rín ni,
ẹ̀rín tó di ikọ́, ikọ́ tó lé mi lọ bu omi.
"Mo ti rò pé ìyá mi ló máa jọ," ló wí.
"Cuthbert ẹ̀gbọ́n mi ló jọ."

Ó tò ó sáàárín ìkẹwàá àti ìkejìlá,
kò béèrè oògùn oorun lálẹ́ ọjọ́ náà.
Ilẹ̀ mọ́, mo ń wọ kóòtù, ó tún ti ṣí agolo:
"Ǹjẹ́ o lè bá mi wo Lancaster lẹ́ẹ̀kan sí i,
bóyá a rí èyí tí kò ní irùngbọ̀n?"