Kí Ẹ Tó Ní Ó Ti Kú

Wọn a máa gbé e wọlé bí ẹni gbé ọmọ tó ń gbóná,
kúbùsù lára rẹ̀, yìnyín lára kúbùsù.
Ní Naryn níbí, bí oṣù kìíní bá dé,
odò pàápàá á dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bá wí.
Wọ́n á ní, "Toktosun, maṣíìnì mi ti kú."
Mo ní ẹ rọra.
Epo tí ẹ rọ sí i nígbà ooru ló dì,
bí ọ̀rá àgùntàn nínú àwo tí a kò tètè fọ̀.
Ẹ gbé e súnmọ́ ààrò. Ẹ jókòó, ẹ mu tíì.
Ìdajì àwọn òkú wọ̀nyí
ní í jí kí ife kejì tó tán.

Bí òwú bá ta kókó lábẹ́ aṣọ bí ìtẹ́ ẹyẹ,
ẹ má bú ìsàlẹ̀. Òkè ni kí ẹ wò,
ibi tí òwú gbà kọjá tí kò yẹ kó gbà.
Òkè ń ṣẹ̀, ìsàlẹ̀ ń jẹ̀bi:
mo ti rí i lára ẹ̀rọ, mo ti rí i lára ìjọba.
Bí ó bá ń kùn, ẹ ṣí irin pẹlẹbẹ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀,
ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá a.
Mo bá okùn pupa kan níbẹ̀ rí,
ti aṣọ ìgbéyàwó ọmọge kan
tó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta.

Ní Ọjọ́rú, Sayragul dé.
"Ó ń fò. Ó rán mẹ́ta, ó fo méjì."
Aṣọ alábùlẹ̀ ló ń rán, kurak,
pupa lára dúdú, dúdú lára ewé,
ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ sì rí bí ẹnu arúgbó.
Mo tú u. Mo dè é. Mo tún un tú.
Mo yí ohun tó ń di òwú mú,
mo pààrọ̀ bẹ́líìtì tí kò ṣẹ̀ mí,
ilẹ̀ fẹ́ ṣú
kí n tó bojú wo abẹ́rẹ́:
ẹ̀yìn ló fi ṣe iwájú.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ti fi wákàtí mẹ́rin wá erin.

"Ta ló fi í síbẹ̀?"
Ó wo ààrò.
"Èmi ni. Nurzat ló máa ń fi í sí i fún mi.
Ó wà ní Mọ́síkò láti oṣù kẹsàn-án,
ó ń gbálẹ̀ ilé ìtajà kan.
Ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́."

Mo tú ìdè kan. Mo yí abẹ́rẹ́ padà.
Mo fi ayùn ha ilà kan sára irin,
kí ìka lè rí ohun tó pamọ́ fójú.
Mo ní: gbé e kọjú sí fèrèsé,
kí yìnyín wà lẹ́yìn abẹ́rẹ́,
funfun á fi ihò hàn ọ́.
Ó gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òwú kọ̀.
Ìgbà kẹta, ó wọlé.
Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gba lẹ́tà.

Ó béèrè iye owó. Mo ní kó mú bẹ́líìtì lọ.

Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ tábìlì mi
tí n kò tíì ṣí láti ìgbà ìkórè tó kọjá.
Ti Burulcha ìyàwó mi ni.
Òwú búlúù ṣì wà lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀.
Kò sí nǹkan kan tó ṣe é.