Ẹ̀kán Mẹ́ta

Ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí mi láti ìlú Súrì,
níbi tí òkun Òmáànì ti ń lá ẹsẹ̀ ògiri:
kí n ya àmì ìdánimọ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun,
èyí tí yóò gba ojú pátákó ẹnu ọ̀nà,
tí yóò gba ara ife tíì,
tí kò sì ní fọ́ lójú fóònù ọmọdé.
Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí n kọ: Túráàtì,
ohun tí àwọn tó lọ fi sílẹ̀ fún àwọn tó kù.

Mo gé ìfefe, mo fi ọ̀bẹ bẹ́ ẹ lẹ́nu,
mo po tàdáà bí ìyá mi ti ń po làálì ìyàwó.
Mo tẹ ẹnu gègé mọ́ ìwé, ẹ̀kán kan jókòó:
òun ni mo fi ń wọn gbogbo hárúfù.
Álífù ga ní ẹ̀kán méje, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín.
Táà di Ráà lọ́wọ́ mú,
Ráà kò di ẹnikẹ́ni tó tẹ̀lé e mú,
Álífù dá dúró bí ẹni tó ń bínú.
Sáà ló gbẹ̀yìn:
ó tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ méjèèjì yọ sókè,
ó ru ẹ̀kán mẹ́ta.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó rí i.
Ọkọ̀ ni! Ọkọ̀ onígi tí àwọn bàbá wa ń kàn létí omi,
Álífù sì ni òpó ìgbòkun.
Mo kígbe. Ológbò mi sá wọ abẹ́ àga.

Alága Múhánà wo iṣẹ́ náà títí.
“Ó dára. Ṣùgbọ́n yọ àwọn ẹ̀kán wọ̀nyẹn.
Bí a bá sọ ọ́ di kékeré, ìgbẹ́ eṣinṣin ni wọn yóò jọ.
Ṣé àwọn àgbà àtijọ́ kò kọ̀wé láìsí ẹ̀kán?”
Òótọ́ ló sọ. Ẹnu mi wúwo.
Kí ni ǹ bá wí? Pé Súwáílímù, bàbá bàbá mi,
òun àti àbúrò rẹ̀ méjì, kó dàbínù lọ sí Sànsíbárì,
tí a kò rí pákó kan ṣoṣo gbà padà?
A kì í kọ irú èyí sínú ìwé owó iṣẹ́.
Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó.”

Felayúdáánì ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà,
ọmọ etíkun Íńdíà, níbi tí igi àwọn ọkọ̀ Súrì ti ń wá.
Kò mọ Álífù yàtọ̀ sí ọ̀pá tí a gbé nàró.
Ó ń jẹ ìrẹsì nínú abọ́ páànù, mo na ìwé sí i.
Ó nu ìka rẹ̀ kó tó wò ó.
“Ọkọ̀ ni. Èèyàn mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀.
Àmọ́ ìtọ́kọ̀ dà, màdáámù?
Níbo ni wọ́n rò pé àwọn ń lọ?”

Lálẹ́ yẹn mo tún gègé bẹ́.
Ní ìparí Sáà, níbi tí ọwọ́ ti máa ń gbé sókè,
mo jẹ́ kó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀,
bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wá ìsàlẹ̀ odò.
Olùkọ́ mi ìbá nà mí.
Àwọn ẹ̀kán ńkọ́? Mo mú wọn tóbi sí i,
kí eṣinṣin má bàa ní ìpín níbẹ̀.

Wọ́n ti gbé e kọ́ báyìí, irin tí a gé.
Lọ́sàn-án, òjìji ẹ̀kán Sáà a bọ́ sórí ìloro,
Felayúdáánì a sì fẹsẹ̀ yẹ̀ wọ́n.
Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.