Ọrùn Ìgò

Ní Kandilli, níbi tí omi Istanbul ti ká bí ìgbọ̀nwọ́,
Nezihe dorí ìgò òróró ólífì kodò sórí àwo tòmátì.
Ó yára jù. Ìgò ní kòlòkòlò, kòlòkòlò,
ó gbé atẹ́gùn mì, ó tutọ́ sí aṣọ tábìlì.

"Rọra," ni Vedat wí láti orí àga,
ohùn rẹ̀ bí ẹni ń fi bébà họ igi.
"Dẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jẹ́ kí èyí tó ń wọlé
àti èyí tó ń jáde ráyè yà fún ara wọn."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́ ọkọ̀ gba ibẹ̀:
ọkọ̀ epo, ọkọ̀ àlìkámà,
ọkọ̀ àgùntàn tí ń ké nínú kùrukùru,
ọkọ̀ gígùn tí ìdí rẹ̀ kì í tètè gbọ́ ohun tí orí sọ.
Boğaz ni wọ́n ń pe ọ̀nà omi tó há níbẹ̀,
boğaz náà ni wọ́n ń pe ọ̀fun.
Àwa náà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run;
ọrùn ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Bí kùrukùru bá bolẹ̀, wọn a ti ọ̀nà.
Ọkọ̀ a tò sẹ́nu Òkun Dúdú, ogójì, àádọ́ta,
iná wọn a máa ṣẹ́jú bí ọmọ tí oorun ń kùn.
Àwọn tó lẹrù a pariwo lórí fóònù:
"Ọrùn ìgò! Ọrùn ìgò!" bí ẹni ń lé olè.
Vedat a rẹ́rìn-ín.
"Ẹ wá ìgò tí kò lọ́rùn fún mi.
Abọ́ nìyẹn. Ẹ bu omi sí i, kẹ́ ẹ sáré, kí n wò yín."

Nígbà òtútù tó kọjá, kókó kan yọ sí i lọ́fun.
Dókítà fi àwòrán han Nezihe:
àyè tó ṣẹ́kù kò ju igi ìṣáná lọ.

Ṣíbí tíì ló fi ń bu omi ọbẹ̀ fún un báyìí.
Á dúró. Á wo gògóńgò rẹ̀,
kó gòkè, kó sọ̀.
Ṣíbí kejì.

Lẹ́yìn fèrèsé, ọkọ̀ pupa kan dé ìgbọ̀nwọ́ omi,
ó lọ́ra bí arúgbó lórí àtẹ̀gùn.
Vedat gbé ìka sókè.
Ètè rẹ̀ ló sọ ọ́, ohùn kò jáde:
"Òsì díẹ̀."

Nezihe kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló ń bá wí
tàbí òun.
Ó yí ṣíbí sósì.