Èje

Aago mẹ́wàá alẹ́ ní Punta Arenas,
oṣù Kejìlá ni, ojúmọ́ kọ̀, kò lọ.
Afẹ́fẹ́ etí òkun ń gbá páànù òrùlé wa,
ìwé ọmọ mẹ́tàdínlógójì wà lórí tábìlì ìdáná,
wọ́n tò bí àgùntàn tó ń dúró de olùrẹ́run.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń kọ gbólóhùn kan náà,
"Níbo lo ti rí èyí? Níbo lo ti rí èyí?"
títí kókó fi so sí ìka àárín mi.
Lọ́dún yìí mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré,
mo fún un ní nọ́ńbà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì:
ení, gbólóhùn rẹ gùn ju okùn ìdákọ̀ró lọ;
ẹ̀rin, níbo lo ti rí èyí?
èje, ó kúrú, sọ sí i.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di eré.
Alápatà dá iye ẹran lé Maite Barría lórí,
ọmọ náà ní, "Ẹ̀rin!"
Èmi náà ńkọ́? Mo bi Eleuterio, ọkọ mi,
pé báwo ni ibi iṣẹ́. Ó ní, "Ó dáa."
Mo ní, "Èje."
Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó,
ó sọ̀rọ̀ títí omi inú kẹ́tùlù fi gbẹ.

Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi.
Ìṣẹ́jú mẹ́jọ lórí ìwé kan di méjì.
Mo tún mọ bí oorun ọ̀sán Sátidé ṣe ń rí.

Àfi bí mo ṣe kan ìwé Yerko Kusanovic.
Iṣẹ́ ẹnì kan nínú ilé yín ni mo ní kí wọ́n ròyìn.
Ìlà mẹ́ta ló kọ:
"Bàbá mi àgbà ń rẹ́ irun àgùntàn.
Nígbà kan ó lè rẹ́ igba lójúmọ́.
Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, èmi ni mò ń fá irùngbọ̀n rẹ̀."

Ìka mi ti kọ èje kí ojú mi tó kà á tán.

Ó wà níbẹ̀ bí eṣinṣin nínú wàrà.
Ó kúrú? Kí ló kúrú níbẹ̀?
Mo ṣírò: ìwé méjìlélọ́gbọ̀n ti kọjá,
ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà tí mo jèrè lórí wọn
ti lé ní wákàtí mẹ́ta. Owó wà lápò.
Mo yí ìwé náà dà, mo kọ ọ́ sẹ́yìn:
Yerko, ṣé ó máa ń di ojú?
Ṣé o máa ń fi omi gbígbóná rin aṣọ kọ́kọ́?
Ta ló kọ́ ọ láti máa fi ọwọ́ kejì di àgbọ̀n mú?
Èmi náà fá ti bàbá mi rí, mo gé e létí.
Ẹ̀yìn ìwé kún. Mo kà á,
mo rí i pé èje náà ni mo kọ,
àmọ́ ó gbà mí ní ogójì ìṣẹ́jú.

Ilẹ̀ ti wá ṣú. Eleuterio ń bèèrè láti yàrá
pé mélòó ló kù. Mo ní mẹ́rin.
Mo fa èyí tó kàn sọ́dọ̀:
ení. Ẹ̀rin. Ẹ̀rin.