Ihò Kejì

Mùdáṣírù alágbẹ̀dẹ fàdákà, ní Òkè Àrín,
fi èékánná ha ẹ̀yìn mẹ́dàlì náà,
ó gbé e sórí ìwọ̀n bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun.
"Fàdákà gidi ni," ó ní, "ṣùgbọ́n ihò méjì ni mo rí.
Tòkè yìí, ibi tí ríbọ́ọ̀nù ń gbà, ìyẹn ò burú.
Ta ló wá lu èkejì gba etí ọba kọjá?"

Bàbá bàbá mi ni. Sùbérù atukọ̀,
ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó mọ ibi tí ọ̀sà ti jìn
kó tó ki ọ̀pá bọ omi.
Ọdún tí wọ́n dé ọba kan ládé lókè òkun,
ọba tí ò mọ̀ bóyá erékùṣù ni Èkó àbí orúkọ ẹja,
òyìnbó fi fàdákà kọ́ ọ láyà
torí ó ti gbé mẹ́ta nínú wọn la ìjì kọjá.
Ìyá àgbà a máa fi eérú nù ún
títí ojú ọba á fi dán ju dígí lọ.

Oṣù kẹjọ, ìwé dé.
Orí kan náà ló wà lára òǹtẹ̀ rẹ̀.
Ilé yín ń dínà. Ẹ kó jáde.
Sùbérù wọ aṣọ funfun, ó fi mẹ́dàlì sáyà,
ó gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó,
ó rò pé orí tó wà láyà òun
yóò bá orí tó wà nínú ìwé sọ̀rọ̀.
Àwọn tó wá wólé kí i dáadáa.
Wọ́n gbé e tòun tàga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kò kọ̀wé ẹ̀bẹ̀.
Ó mú ìṣó àti òkúta, ó lu ọba létí,
ó so ó mọ́ àwọ̀n láàárín àwọn òjé:
ọgbọ̀n òjé dúdú, ọba kan.
Ọdún mọ́kàndínlógún létí omi Mákòókò
ló fi ń sọ ọba sínú ọ̀sà láràárọ̀,
tó ń fà á gòkè tẹrẹ̀tẹrẹ̀.
Ẹja ò bi í pé orí ta nìyí.

Imú ló kọ́kọ́ jẹ. Lẹ́yìn náà, adé.
Ohun tó kù ò ju irùngbọ̀n díẹ̀ lọ,
àti ihò.

"Ihò yìí á dín owó rẹ̀ kù o."
Owó ilé-ìwé ọmọ ṣì wà lọ́rùn mi.
Síbẹ̀ mo ní kó gbé e kúrò lórí ìwọ̀n.
Ihò yẹn gan-an ni ogún mi, Mùdáṣírù,
etí rẹ̀ lásán lo ń wọ̀n.

Mo fi í sápò.
Ó ṣì ń rùn bí ẹja díẹ̀,
àbí èmi ni mo rò bẹ́ẹ̀.